Ìyàwó Tí Kọ́ọ̀tù Lé Jáde

Orí òrùlé ni Mánsúrù ti kọ́kọ́ rí Ṣemílóore. Ó ká ìró mọ́ ìdí gírígírí, ó há ìṣó mẹ́ta sẹ́nu, ó sì ń lu páànù bí ẹni pé páànù ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà ní Àgbowó, òjò àná sì ti ba ìwé ẹni méjì jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi di àkàbà yìí mú," ló wí, láì béèrè ẹni tó jẹ́.

Mánsúrù dì í mú. Ọmọ ẹni tó ni ilé tí ọmọbìnrin náà háyà ni, ìwé kúrò-nílé tí ìyá rẹ̀ fi rán an sì wà lápò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ tó rẹ́rìn-ín sí i, kò lè yọ ìwé náà mọ́. Ó gbé ìwé náà padà sí ṣọ́ọ̀bù táyà rẹ̀ ní Ìwó Road.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò yà sí Àgbowó.

"Bọ̀dá onílé, ṣé páànù lẹ wá wò ni àbí èmi?"

"Páànù kò lẹ́wà tó báyìí, olólùfẹ́ mi."

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi jẹ adùn. Àlàájà Zùwáírátù, ìyá Mánsúrù, fẹ́ sọ yàrá méjì tí Ṣemílóore ń gbé di ti akẹ́kọ̀ọ́ olówó gọbọi. Nígbà tó rí i pé ìwé òun kò débẹ̀, ó gba lọ́yà, ọ̀rọ̀ sì di ti kọ́ọ̀tù Ìyàgànkú. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹjọ́ pé Mánsúrù fẹ́ gbéyàwó, kò sì níbi tó máa gbé e sí. Irọ́ funfun báláú ni.

Adájọ́ ní kí tọ̀tún-tòsì lọ parí ìjà, kí wọ́n mú àdéhùn wá kí òun sọ ọ́ di ìdájọ́. Lọ́yà kọ ọ́ pé kí Ṣemílóore jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kó má sanwó ilé fún oṣù mẹ́fà náà. Ṣemílóore kò fọwọ́ sí i. Ó ní àfi tí Mánsúrù bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń gbéyàwó.

Adájọ́ bi Mánsúrù. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, ọmọ tí kò sì já ìyá rẹ̀ nírọ́ rí ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ṣemílóore mú bírò, ó fọwọ́ sí i. Kò tiẹ̀ ka ìwé náà mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Mánsúrù sáré dé. Ó ní kò sí ìyàwó níbì kankan, ìyá òun ló ní kí òun wí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí òun kúkú fẹ́ ẹ, kó máa gbé yàrá rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yìí bí èmi tí mò ń sọ ìtàn nínú níbí.

"O rò pé yàrá ló ń dùn mí?" ni Ṣemílóore wí. "Mo sunkún mọ́jú nítorí obìnrin tí kò sí láyé. Màá jáde."

Ó jáde kí ọjọ́ tó pé, ó gba yàrá kan ní Mọ́kọ́lá. Ọkàn Mánsúrù kò balẹ̀ mọ́. Ó lọ bá ìyá rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí, ó jẹ́wọ́ pé òun parọ́ ní kọ́ọ̀tù, pé kò sí ẹni tí òun fẹ́ àfi ẹni tí wọ́n lé. Àlàájà ní kí Mánsúrù náà kó ẹrù rẹ̀ jáde. Síbẹ̀, ọdún kan gbáko ló fi bẹ Ṣemílóore kó tó gbà, tí wọ́n fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó. Ìyá ọkọ kò yọjú.

Àárẹ̀ ẹsẹ̀ ló padà mú Àlàájà wá sí Mọ́kọ́lá. Kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, kò rówó tún yàrá Àgbowó ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, ilé sì ti dá páropáro. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kalẹ̀, ó ní kí wọ́n wá máa gbé ibẹ̀.

Ṣemílóore kúnlẹ̀ kí i, ó gbé oúnjẹ fún un. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì dá kọ́kọ́rọ́ padà.

"Màámi, mi ò bá yín jà. Ẹ máa rí mi, n ó máa tọ́jú yín. Àmọ́ ìyàwó kan wà tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lé mi. Ẹ jẹ́ kó wá gba yàrá ẹ̀."

Àlàájà mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó dìde. Mánsúrù sìn ín dé títì.