Ta Ló Gé Kápẹ́ẹ̀tì Ẹnu Ọ̀nà Yàrá Ìyá?

Olè tó jí owó, a mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tó fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, tó wá gé kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà ẹnu ọ̀nà lọ, òun ló gbé Ìnsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀sọ̀-Pẹ̀lẹ́ dé ilé télọ̀ àgbà láàárọ̀ Sátidé.

Ọmọbìnrin télọ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló pe ọlọ́pàá. Òun ló ra kápẹ́ẹ̀tì náà fáwọn òbí rẹ̀. Aláwọ̀ igi ni ti pálọ̀ àti ti yàrá, ó sì ní kí wọ́n fi dúdú tó ń dán sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá òun, nítorí ẹwà. Ibi dúdú yẹn gan-an ni wọ́n gé.

"Oníkápẹ́ẹ̀tì ni," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ọjọ́rú ló tẹ́ ẹ, lọ́jọ́ kejì ó ti wú. Mo bá a wí, ó ní òun á ká a kúrò. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọ̀gá, ìdààmú tó wà lọ́rùn mi ti tó. Láti Ọjọ́rú ni màmá mi ò ti jáde ní yàrá. Wọn ò lè rìn mọ́. Tó bá di Mọ́ńdè, mò ń gbé wọn lọ sílé ìtọ́jú arúgbó."

Télọ̀ àgbà jókòó sí kọ̀rọ̀. Ó ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tó ti fẹ́ ìyàwó rẹ̀, wọn kò sì tíì sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí.

Ìnsípẹ́kítọ̀ ránṣẹ́ pe oníkápẹ́ẹ̀tì, ó sì dé pẹ̀lú ìbínú.

"Kí ló dé tó fi wú?" ni Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í.

"Ẹ̀bi mi ni, ọ̀gá. Ó yẹ kí n tú u sílẹ̀ nínú ilé fún ọjọ́ méjì, kí ara ẹ̀ balẹ̀, kí n tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń kán mi lójú. Ṣùgbọ́n pálọ̀ ló wú. Ṣé ibi tó dáa ni mo wá máa gé?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ìlà ṣọ́ọ̀kì tín-ínrín létí ibi tí wọ́n gé. Ó tọrọ àyè, ó wọ yàrá, ó kí ìyá àgbà lórí bẹ́ẹ̀dì. Abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti rí ègé dúdú náà, tí wọ́n ṣẹ́ po sí mẹ́rin, tó sì ti là. Ó tẹ́ ẹ padà sẹ́nu ọ̀nà. Lójú ẹsẹ̀, ìyá fa ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀.

"Bàbá," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ jẹ́jẹ́, "ẹ̀yin lẹ gé e."

"Bàbá mi kẹ̀?" ni nọ́ọ̀sì wí.

"Oníkápẹ́ẹ̀tì máa ń ká rọ́bà bí ẹní ni. Ó mọ̀ pé tóun bá ṣẹ́ ẹ po, á là. Ẹni tó ti ń ṣẹ́ aṣọ po látìgbà èwe ló ṣe èyí, ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ló sì fi fa ìlà. Ẹ wá wo màmá yín. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dá wọn dúró."

Télọ̀ gbójú sókè sí ọmọ rẹ̀. "Ojú ìyá ẹ ti di bàìbàì. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ tán, ó dì mọ́ mi, ó ní wọ́n ti gbẹ́ kànga sẹ́nu ọ̀nà òun. Mo dúró lé e lórí fún un wò, kò gbà. Tí mo bá sọ fún ẹ, wàá ní orí ẹ̀ ti dàrú, wàá tètè gbé e lọ. Ìfẹ́ lo sì fi rà á, mi ò fẹ́ kó dùn ẹ́. Ìdájí òní ni mo gé e. Kó tó jí ni o ti dé. Oníkápẹ́ẹ̀tì, dákun, foríjì mí. Ojú ló tì mí."

Oníkápẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ba, tó gbé ègé dúdú náà kúrò.

"Ìyá àwọn ọmọ," ni télọ̀ pè láti pálọ̀, "kànga ti dí. Máa bọ̀."

Ìyá rọra dìde. Ó wo sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ pẹ́, ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kàn án.

"Ta ló dí i?"

"Èmi ni."

"Ẹ ṣeun." Ó rìn kọjá, ó sì lọ jókòó ti ọkọ rẹ̀.

Omijé ń bọ́ lójú nọ́ọ̀sì bó ṣe ń tẹ nọ́ńbà ilé ìtọ́jú arúgbó lórí fóònù. "Ẹ má retí wa ní Mọ́ńdè mọ́," ó wí. "Màmá mi ń rìn."