Ta Ló Mú Ríbọ́nì Girzie?

Girzie jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Òjò ń kán sórí òrùlé koríko. Tó, tó, tó.

Kò! Kò! Kò! Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn.

Ìyá Eppie ni, aládùúgbò wọn. Fìlà funfun orí rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ bàtà. Ìkejì ò wọ nǹkan kan.

"Ẹ gbọ́ o! Oníríbọ́nì ti dé sí ilé ẹni tó ń lọ ọkà! Ó gbé àpótí pọ̀n sẹ́yìn. Ríbọ́nì aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀! Ríbọ́nì aláwọ̀ sánmà wà níbẹ̀!"

Girzie fò sókè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni oníríbọ́nì máa ń gba abúlé wọn kọjá. Kò sì sí ibòmíràn tí ènìyàn ti lè ra ríbọ́nì ní gbogbo apá ibẹ̀ yẹn nílẹ̀ Sikọ́tílándì.

"Ìgbà wo ló dé, mà?"

Ìyá Eppie họ orí. "Àná ni."

"Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Rárá o. Ó ti lọ. Ó ti sọdá odò láti àná."

Ìyá àgbà Girzie gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ìwọ yìí náà! Àná lo gbọ́, òní lo wá ń sọ!"

"Màmá, mo ti ń bọ̀ lánàá. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà yín gan-an. Ni mo bá rí ewúrẹ́ nínú kábéèjì mi. Mo lé e, mo lé e, mo sì gbàgbé."

Girzie fún ojú pọ̀ wò ó.

"Hùn-ún," ló wí nínú ara rẹ̀. "Àbí wọn ò fẹ́ kí n ra ríbọ́nì ni?"

Ọ̀la ni ìgbéyàwó ọmọ alágbẹ̀dẹ. Gòjé á máa dún. Gbogbo abúlé á tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn ọmọbìnrin tó so ríbọ́nì mọ́ irun ló máa ń ṣíwájú ìyàwó. Ọmọbìnrin tí kò bá ní ríbọ́nì, ẹ̀yìn ló máa tò sí, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń fa àtàǹpàkò mu.

Girzie ò fẹ́ tò sẹ́yìn. Ó ti pé ọdún méje!

Kò burú. Ó ṣì ní ríbọ́nì kan nílé. Ó pupa bí ẹ̀yinná. Etí rẹ̀ ti gbó díẹ̀. Orí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa ń gbé e kọ́ sí.

Girzie sáré lọ wò ó.

Ìṣó wà níbẹ̀.

Ríbọ́nì ò sí!

Ta ló mú un?

Mysie, ẹ̀gbọ́n Girzie, jókòó lẹ́bàá iná. Ó ti fi aṣọ di gbogbo orí rẹ̀, gbágbágbá.

Girzie fún ojú pọ̀. "Hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló wà lábẹ́ aṣọ yẹn?"

"Orí mi ni."

"Kí ló tún wà níbẹ̀?"

"Etí mi méjèèjì."

"Ẹ tú u kí n rí i!"

Mysie tú aṣọ náà. Àkísà! Àkísà funfun kéékèèké mẹ́wàá! Ó fi wọ́n ká irun rẹ̀ kí ó lè lọ́ dáadáa fún ọ̀la.

"Ṣé ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, adájọ́?" ni Mysie bi í.

Kì í ṣe Mysie.

Girzie jáde síta. Òjò ti dá. Kannakánná kan dúró lórí òrùlé. Ó di nǹkan mẹ́nu. Ó yí orí sọ́tùn-ún. Ó yí orí sósì.

Girzie fún ojú pọ̀. "Hùn-ún. Ìwọ aláṣọ dúdú, kí lo dì mẹ́nu?"

Kannakánná tún yí orí sọ́tùn-ún.

"Sọ òtítọ́!"

"Káà!" ni kannakánná wí. Pọ̀! Nǹkan jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọkà óòtì ṣe ni.

"Háà! Àkàrà tèmi nìyẹn!"

Olè ni kannakánná lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe olè ríbọ́nì.

Girzie rìn lọ sí ara ògiri òkúta tó wà láàárín ilé wọn àti ilé Ìyá Eppie. Ó na ọrùn. Ó yọjú.

Nǹkan pupa kan ń fì lórí okùn Ìyá Eppie! Fì, fì, fì.

Àyà Girzie ń lù. Kì, kì, kì.

"Ọmọ mi, kí lò ń wò?" Ìyá Eppie ti yọ lẹ́yìn aṣọ tó sá.

"Ríbọ́nì mi ni, mà. Ó sọnù. Ó pupa... bí ìyẹn."

Ìyá Eppie wo okùn. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èyí? Ìbọ̀sẹ̀ Bàbá Eppie ni! Tó o bá lè gba òórùn rẹ̀, wá so ó mọ́rí."

Girzie dí imú.

"Èmi náà ń wá nǹkan," ni Ìyá Eppie wí. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá bàtà mi kejì."

"Ó wà lọ́wọ́ yín, mà."

Ìyá Eppie wo ọwọ́ rẹ̀. "Yéè! Ta ló gbé e síbẹ̀?"

Kì í ṣe Ìyá Eppie.

Girzie ń padà sílé. Nígbà náà ló rí Ìyá àgbà.

Ìyá àgbà ń rìn lọ sí ilé màlúù. Ó wo iwájú. Ó wo ẹ̀yìn. Ó fi ọwọ́ kan pamọ́ sábẹ́ ìborùn.

Girzie fún ojú pọ̀. Ó fún un pọ̀ gan-an.

"Hùn-ún. Hùn-ún. Hùn-ún."

Ó tẹ̀ lé e. Yọ́, yọ́, yọ́.

Nínú ilé màlúù, Brockie dúró sórí koríko gbígbẹ. Ọmọ màlúù kékeré ni Brockie. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò ti mu wàrà. Egungun ìhà rẹ̀ ti ń yọ.

Kí ló wà ní ìrù Brockie?

Nǹkan pupa. Ó pupa bí ẹ̀yinná. Etí rẹ̀ gbó díẹ̀.

"Ìyá àgbà! Ẹ̀yin ni!"

"Ṣíì! Má pariwo." Ìyá àgbà mú ọwọ́ jáde lábẹ́ ìborùn. Ife wàrà ló wà níbẹ̀. "Ọmọ mi, má bínú. Ìyá Eppie yẹn ni. Níjọ́sí, ó dúró síbí yìí. Ó ní, 'Brockie mà rẹwà o! Kò sí irú rẹ̀!' Ó yìn ín, ó yìn ín, kò sì sọ pé, 'Kí Ọlọ́run bù kún un.'"

Girzie la ẹnu. Ọmọdé abúlé wọn pàápàá mọ̀ pé a kì í yin ẹran láìsúre fún un.

"Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti mu nǹkan," ni Ìyá àgbà wí. "Ohun pupa la fi ń lé ojú burúkú, ojú tó máa ń mú ẹran ṣàìsàn. Òwú pupa mi ti tán. Ìwọ sì ń sùn nígbà tí mo mú ríbọ́nì rẹ."

Girzie ronú.

"Ìyá àgbà, Ìyá Eppie ò ní ojú burúkú. Wọ́n gbàgbé ni. Bàtà tó wà lọ́wọ́ wọn pàápàá, wọ́n gbàgbé ẹ̀!"

Ìyá àgbà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbé e mì. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi á ṣì máa ṣọ́ ọ." Ó da wàrà sínú korobá. "Tú ríbọ́nì rẹ. Tìrẹ ni. Màá wá nǹkan mìíràn."

Brockie ki ẹnu bọ korobá.

Gbùlú.

Gbùlú, gbùlú.

Ó ń mu! Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Brockie ń mu wàrà!

Girzie na ọwọ́ sí ríbọ́nì.

Brockie dúró. Ó gbé ojú ńlá wò ó.

Girzie fa ọwọ́ padà. Gbùlú, gbùlú.

Ó tún na ọwọ́. Brockie tún dúró.

Girzie fún ojú pọ̀. "Àbí ò ń tàn mí ni?"

Brockie ṣẹ́jú. Wàrà ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

Girzie jókòó sórí koríko. Ó ronú nípa iwájú, níbi tí gòjé ti ń dún. Ó ronú nípa ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ọmọ kéékèèké ti máa ń sunkún. Ó ronú nípa egungun ìhà Brockie.

Ó dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí Brockie mú, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Brockie, gbọ́. Mi ò ní tú u. Mo ti fún ọ ní ríbọ́nì náà. Lọ́la, ẹ̀yìn ni màá tò sí."