Oríkì Kì Í Ṣe Kọ́kọ́rọ́

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní Crumpsall, níhà àríwá Manchester, Màmá Jọmílójú ti ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ òru dé. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi dúró sí ìdí àtẹ̀gùn, tó gbé ohùn sókè:

"Àwẹ̀ró Ọ̀kín! Ọmọ tí mo bí ní 2002, tí òjò ń rọ̀, tí kò síná! Ṣé o ti jí?"

Bàbá òyìnbó tó ń gbé ilé kejì kan ògiri. Ó ti mọ oríkì náà débi pé, bí ó bá rí Jọmílójú níta, "Morning, Awero" ló fi ń kí i.

Nígbà tí bàbá Jọmílójú wà láyé, òun ló máa ń kì í. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, ìyá ló gba iṣẹ́ náà ṣe, ó sì ń fi ohùn ẹni méjì ṣe é, kí ilé má baà dákẹ́ jù.

Jọmílójú mu tíì, ó wọ ọkọ̀ ojú irin tram lọ sí yunifásítì. Ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ àti ìwakùsà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Nínú ilé ìkàwé wọn, àwòrán àwọn ihò èédú àtijọ́ tó wà lábẹ́ ìlú Salford àti Rochdale wà níbẹ̀. Òkúta tí wọ́n gbẹ́ láti inú ilẹ̀ wà nínú àpótí. Ìwé ìwádìí láti gbogbo ayé sì wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà lórí kọ̀ǹpútà. Àpilẹ̀kọ Jọmílójú dá lórí bí a ṣe lè fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ inú àwọn ihò èédú náà mú ilé móoru. Ọjọ́ Ẹtì ló gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀. Bí ó bá fi í sílẹ̀, iṣẹ́ ń dúró dè é ní Salford Quays. Bí kò bá fi í sílẹ̀, wọ́n á fún ẹlòmíràn.

Ó jókòó, ó tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó tún un tẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní kó lọ rí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Ní gbogbo àyíká rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kùn: ìwé ìwádìí ti tì pa mọ́ gbogbo yunifásítì lójú.

Obìnrin adúláwọ̀ kan tó wọ gíláàsì ló pè é sínú ọ́fíìsì. "M. Harrison" ló wà lára káàdì àyà rẹ̀. Jọmílójú rò pé ará Jàmáíkà ni.

"Jókòó," ni Ìyáàfin Harrison wí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. "Lánàá, ẹnì kan fi orúkọ rẹ wọlé láti Rochdale, ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ìwádìí lọ. Àwọn tó ń ta ìwé fún wa rí i pé kò sí ẹni tó lè kàwé tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa. Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi kọ́, mà! N kò dé Rochdale rí, àfi ọjọ́ tí mo sùn lọ nínú tram."

"Ta ló mọ password rẹ?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n."

"Ṣé kì í ṣe ohun tó rọrùn láti mọ̀?"

Jọmílójú rẹ́rìn-ín músẹ́. "Yorùbá ni, mà. Ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n pè ní Manchester yìí, ká má tíì sọ pé yóò kọ ọ́?"

Ìyáàfin Harrison wò ó láti òkè gíláàsì rẹ̀. Ó ní kó dúró kí àwọn oníkọ̀ǹpútà yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bí Jọmílójú ti jókòó, ó fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀: Mọ́mì, wọ́n ní mo jalè.

Oorun dá lójú ìyá. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ilé ìkàwé fi ṣí gbàgà, tó wọlé tòun ti aṣọ iṣẹ́ lábẹ́ kóòtù.

"Àwẹ̀ró Ọ̀kín! Ọmọ tí mo bí ní 2002! Ta ló ní o jalè? Ọmọ tí kì í mu mílíìkì inú fíríìjì láìtọrọ!"

Jọmílójú sáré jáde. "Mọ́mì, ẹ dákẹ́!"

"N kò ní dákẹ́! Àwẹ̀ró Ọ̀kín, 2002—"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́! Password mi lẹ ń kà sókè yẹn!"

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yíjú sí wọn. Ìyáàfin Harrison, tó ti tẹ̀lé e jáde, bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ló wí ní Yorùbá tó já gaara. "Mobọ́lá ni wọ́n ń pè mí. Òyìnbó ni ọkọ mi. Manchester ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n bàbá mi kò gbà ká sọ Gẹ̀ẹ́sì nídìí oúnjẹ." Ó yíjú sí Jọmílójú. "Àwẹ̀ró Ọ̀kín, àti 2002. Ṣé kò kù?"

"Ó ku àmì ìyanu ní ìparí, mà," ni Jọmílójú dáhùn wúyẹ́wúyẹ́.

"Bí mọ́mì rẹ ṣe pè é yẹn, mo gbọ́ àmì ìyanu náà."

Ó mú wọn wọ ọ́fíìsì. "Ibo lẹ tún ti máa ń kì í, mà?"

"Nílé ni. Lórí fóònù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, bí mo bá ń jẹ́rìí."

"Nọ́ńbà tó fi ń wọlé ńkọ́? Ẹnìkan ní láti mọ ìyẹn náà."

"Èyí tó wà lára káàdì rẹ̀? Mo ya fọ́tò káàdì náà sórí WhatsApp ìjọ, kí wọ́n lè bá mi yọ̀."

Jọmílójú dorí kodò.

"Ó ku ẹyọ kan," ni Ìyáàfin Mobọ́lá wí. "Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, fóònù rẹ gbọ́dọ̀ bi ọ́ pé, ṣé ìwọ ni? Ṣé kò bi ọ́ lánàá?"

Ó bi í. Àdúrà ló gbóná lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà. Fóònù ń gbọ̀n nínú báàgì, ó ń gbọ̀n ṣáá. Pásítọ̀ pariwo pé, "Ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni!" Jọmílójú bá tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

"Kó lè dákẹ́ ni, mà."

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n á dà ọ́ láàmú títí yóò fi sú ọ. Bí kì í bá ṣe ìwọ lo ń gbìyànjú àtiwọlé, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni kí o tẹ̀. Yí password padà lójú ẹsẹ̀, kí o sì pè wá."

Ìyá ti ń ronú. "Ẹ ní Rochdale? Gbénga!"

Olúwagbénga, tó ń gbé Rochdale, jẹ́ ọ̀kan nínú ìjọ wọn. Dókítà Assignment ni wọ́n ń pè é, nítorí ó máa ń gba owó lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yọ̀lẹ, kó bá wọn kọ iṣẹ́ wọn. Ìyá pè é, ó sì gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Mọ́mì wa! Ẹ kú ìjókòó o!"

"Gbénga, ìwọ lo wọ ilé ìkàwé ọmọ mi?"

"Mọ́mì, mo kàn yá a lò ni. Ìmọ̀ kì í tán. Odò ni. Bí mo bá bu igbá kan níbẹ̀—"

"Igbá kan? O ti gbọ́n odò gbẹ! Òùngbẹ ń gbẹ gbogbo yunifásítì!"

"Ẹ̀yin náà lẹ kúkú ń pè é níwájú gbogbo ìjọ, Mọ́mì. Mo rò pé ara ọrẹ ni."

Ó pa fóònù.

Jọmílójú fẹ́ rẹ́rìn-ín. Omi ló jáde lójú rẹ̀. Ìyáàfin Mobọ́lá gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n gbígbà á gbọ́ kò lè ṣí ilẹ̀kùn. Yunifásítì fi ọ̀rọ̀ Gbénga tó ọlọ́pàá létí, ìgbìmọ̀ sì jókòó lórí ọ̀rọ̀ Jọmílójú. Wọn kò lé e. Wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀ nítorí bẹ́ẹ̀ ni tó tẹ̀, wọ́n sì ní kó dúró di sáà tó ń bọ̀ kó tó lè fi àpilẹ̀kọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará Salford Quays bá a kẹ́dùn, wọ́n gba ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà wọn dé, ìyá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún.

"Èmi ni mo bà á jẹ́ fún ọ."

"Rárá, Mọ́mì. Èmi ni mo fi ṣe kọ́kọ́rọ́, èmi náà ni mo sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ mi lẹ kàn ń pè."

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá bọ́ síwájú ìjọ, ó ní òun ní ẹ̀rí. Ó ro gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Kó tó dé ìdajì, ìdajì ìjọ ti yọ fóònù jáde. Diákónì kan bi aládùúgbò rẹ̀ bóyá "Jesus123" náà kò dára tó. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ń tẹ nǹkan lábẹ́ pẹpẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó gbé e sílẹ̀, ẹ mú fóònù yín. Bí ọ̀rọ̀ ìwọlé yín bá jẹ́ orúkọ ọmọ, oríkì, ọdún ìbí tàbí ohunkóhun tí ará ilé lè fi kí yín, ẹ yí i padà lónìí. Ẹ so ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan pọ̀, kí ẹ má sì lo ọ̀kan náà níbi méjì. Ẹ má ṣe fi káàdì ọmọ yín sórí WhatsApp. Ẹ má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní ọ̀nà ìwọlé yín, kódà ẹni tí ẹ jọ ń gbàdúrà. Jọmílójú ṣì ń wá iṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí sì pàdánù ọ̀sẹ̀ kan nínú iṣẹ́ wọn nítorí rẹ̀. Olè tí a fọwọ́ ara wa ṣílẹ̀kùn fún kì í kó tiwa nìkan lọ; ó ń kó ti gbogbo àwọn tí a jọ ń gbé inú ilé.