Ìbọn tí Orrin Kọ̀ láti Tà fún Verlene

Verlene Stidham dúró níwájú àpótí onígíláàsì náà nínú ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ìyeyè. Omi ń kán láti etí ẹ̀wù náà sórí bàtà rẹ̀, ó sì ń wo àwọn ìbọn ìléwọ́ tó wà nínú àpótí náà bí ẹni tí wọ́n ní kó mú ọmọ tirẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tí kò rí rí. Orrin Baize tó ń tajà gbójú sókè lẹ́yìn káńtà, ó rí i, ó sì gbàgbé ohun tó ń bá oníbàárà mìíràn sọ.

"Ẹ káàsán, mà. Èwo lẹ fẹ́ wò nínú wọn?"

"Èyí tí kò ní bà mí lẹ́rù."

"Ẹ ò tètè dé. Àná ni ìyẹn tán."

Verlene fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ni Verlene ń wà ní ìlú wa, ní apá òkè Kentucky. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnì kan já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé rẹ̀ wọlé. Ohun tí olè náà kó kò tó nǹkan. Ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀, ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sì fi ẹrẹ̀ bàtà sílẹ̀ lórí aṣọ tó tẹ́ síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Verlene kò lè dijú nínú ilé yẹn mọ́. Ó padà sọ́dọ̀ Estill bàbá rẹ̀, ó sì ń sùn nínú yàrá tó ti ń sùn nígbà tó wà lọ́mọdé. Bàbá rẹ̀ ní kó kúkú ta ilé náà. Verlene mọ̀ pé tí òun kò bá padà síbẹ̀ kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, òun kò ní padà mọ́ láéláé.

Nígbà tó sọ èyí fún Orrin, Orrin kò ṣe àwàdà mọ́. Ó tẹ́ aṣọ sórí káńtà, ó sì ń kó ìbọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó gbé ọ̀kan lé e lọ́wọ́, á ṣí i, á wo inú rẹ̀, á ti ìka bọ ibi tí ọta máa ń wà láti rí i pé ó ṣófo.

"Ẹ̀yin náà, ẹ wò ó. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́."

Èkíní kéré, ó sì rẹwà. "Àwọn ọkùnrin máa ń ra èyí fún ìyàwó wọn torí pé ó kéré," ni Orrin wí. "Àṣìṣe ni. Ìbọn tó bá fúyẹ́ ló máa ń ta ọwọ́ jù."

Èkejì ni èyí tí ilé ọta rẹ̀ máa ń yí. Kò ní wàhálà, àmọ́ ìka Verlene kò lágbára tó láti fà á. Ẹ̀kẹta ń gba ọta púpọ̀. Irin òkè rẹ̀ tó yẹ kí Verlene fà sẹ́yìn kò mira.

"Èwo ló wá dára jù?"

"Èyí tó bá ọwọ́ yín mu."

"Mi ò mọ ọwọ́ ara mi mọ́," ni Verlene wí.

Orrin ní kó má ra nǹkan kan. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọn ni wọ́n ti ń yìnbọn sí bébà, wọ́n sì máa ń yá ènìyàn ní ìbọn kó tó rà á. Kó wá ní Sátidé.

Ó wá ní Sátidé, ó sì tún wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

"Ẹ ti dijú kí ìbọn tó dún, mà."

"Àdúrà ni mò ń gbà."

"Bébà yẹn náà ń gbàdúrà. Tirẹ̀ ló ń gbà."

"Ìgbà wo lo máa dákẹ́ mà, mà, mà yìí?"

"Ọjọ́ tí o bá lajú."

Verlene lajú. Láti ọjọ́ náà, wọ́n jọ máa ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo ní ilé oúnjẹ tó wà lódìkejì ọ̀nà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìbọn túbọ̀ dà rú fún un. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ tiwọn, ìyàwó pásítọ̀ sọ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti ẹnì kejì mu. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ mọ́ bóyá torí ìbọn lòun ṣe ń lọ síbẹ̀ tàbí torí Orrin.

Ní ọjọ́ Furaidé kan, bàbá rẹ̀ gbé ìbọn ògbólógbòó kan sórí tábìlì. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ èédú wíwà, ó sì gbà pé òun mọ ohun gbogbo tó jẹ mọ́ irin.

"Èyí tó ìyá rẹ lò. Ó tó ìwọ náà."

"Orrin ní ó le jù fún ìka mi, Dádì."

"Orrin! Ọmọ Baize ló máa wá kọ́ mi ní ìbọn? Ta ilé yẹn, jàre, kí o jókòó sọ́dọ̀ mi."

"Mi ò lè padà di ọmọdé, Dádì!"

Ẹkún ni Verlene ń sun títí tó fi dé ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Orrin, fún mi ní ọ̀kan. Èyíkéyìí. Mo fẹ́ mú un lọ báyìí."

Orrin wò ó, ó wò ó pẹ́. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí gíláàsì.

"Rárá, Verlene. Kì í ṣe lónìí."

"Ṣé owó mi ni kò dára?"

"Owó rẹ dára. Ojú rẹ ni kò dára."

"Ṣé wèrè lo rò pé mo ya ni?"

"Mi ò mọ ohun tí mo rò. Mi ò ní tà á fún ẹ ni mo mọ̀."

Gbogbo àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yíjú sí wọn. "Èmi rò pé o fẹ́ràn mi," ni Verlene wí.

"Ohun tó fà á gan-an nìyẹn."

Kò yé Verlene. Ó jáde, kò sì padà wá ní Sátidé, bẹ́ẹ̀ ni kò wá ní èyí tó tẹ̀ lé e. Yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ sórí òkè.

Láàárọ̀ kan, níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí, bàbá rẹ̀ bi í pé báwo ni ti ọmọ Baize yẹn. Verlene sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Estill gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó kọ̀ láti tà á fún ẹ?"

"Níṣojú gbogbo èèyàn."

Estill sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì. Ó wá sọ fún un nípa Dewey, ọ̀rẹ́ Orrin, tó wá síwájú káńtà yẹn ní ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi í sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, àmọ́ ó ń ṣàwàdà. Orrin ta ìbọn fún un. Dewey kò rí ọjọ́ Sunday.

"A jọ gbé pósí ọ̀hún ni. Kò sẹ́ni tó bá Orrin wí nínú wa. Òun fúnra rẹ̀ ni kò dárí ji ara rẹ̀."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ta ló ń sọ irú ẹ̀ níwájú oníbàárà?" Bàbá náà mí kanlẹ̀. "Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń wá ẹ̀sùn tí màá fi kan ọmọkùnrin yẹn. Ó ti wá bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ní Sátidé, Verlene dúró níwájú Orrin. "Wo ojú mi dáadáa. Dádì ti sọ̀rọ̀ Dewey fún mi."

Orrin gbójú sókè. "Mo ń wò ó," ló sọ.

"Ṣé ó dára?"

"Ó dára ju bó ṣe yẹ lọ."

Verlene tún dán àwọn ìbọn wò. Nígbà tó yá, ó na ìka sí ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ fún un rí: ara rẹ̀ wúwo díẹ̀, ọta rẹ̀ kéré, irin òkè rẹ̀ sì rọrùn fún un láti fà. Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pé agolo ni wọ́n ń fi irú èyí yìn. Verlene lajú, ó yìn ín, àárín bébà ni ọta rẹ̀ ń bà.

"Èmi ì bá má mú èyí," ni Orrin wí.

"Ṣé ìwọ ni mo ní kó mú un?"

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Estill pààrọ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé Verlene. Orrin de àpótí onírin mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ti ìbọn mọ́ inú rẹ̀, bàbá sì lọ sílé. Verlene dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, kò lè wọlé.

"Mo ti rà á, Orrin. Ẹ̀rù náà ò lọ."

"Èmi ò sọ pé ó máa lọ."

"Kí lo wá ń tà fún mi látọjọ́ yìí, oníjìbìtì?"

"Lọ dùbúlẹ̀, olólùfẹ́ mi. Ọ̀sán ṣì ni. Màá jókòó síta."

Ó tẹ́ aṣọ tuntun, ó sì dùbúlẹ̀. Ó ń gbọ́ bí àga Orrin ṣe ń dún lójú fèrèsé. Kò mọ ìgbà tí oorun gbé e lọ.

Nígbà tó jáde, oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Òtútù ti jẹ́ kí etí Orrin pọ́n, kọfí inú ife rẹ̀ ti di omi tútù, kò sì kúrò lójú kan.

"O sùn?"

"Mo sùn." Verlene jókòó tì í. "Sunday tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Màá wá."

"Mọ́ńdé ńkọ́? Túsìdeè?"

"Verlene, ṣé o ń ní kí n fẹ́ ẹ ni?"

"Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Gbogbo nǹkan ṣì dà rú mọ́ mi lójú."

"Ó dà rú mọ́ èmi náà lójú," ni Orrin wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àmọ́ màá fẹ́ ẹ."

Verlene wo ojú ọ̀nà, ó wo òkè tí yìnyín ti ń funfun lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ló ti Orrin ní èjìká.

"Dìde. Lọ bá mi kó ẹrù mi wá láti ilé Dádì."

"Tèmi ńkọ́?"

"Tìẹ di ẹ̀yìn ìgbéyàwó."