Àgbá Eléèéfín

Ọjọ́ tí bàbá ọmọbìnrin kan gbà pé kí wọ́n ránṣẹ́ pe Eléèéfín padà, ọjọ́ náà gan-an ni ìròyìn dé pé Eléèéfín ti kú.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé ló mú un wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú wáìnì sí, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́ ọwọ́, kò wọlé.

"Ìtì igi ló yí lù ú níbi tí wọ́n ti ń la pákó," ó wí. "Kò jẹ̀rora pẹ́."

Ọmọbìnrin náà rọra gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Inú àgbá Eléèéfín ni wọ́n ti bu wáìnì inú ife náà, bàbá rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn ín tán ni.

Ìgbà ìkórè àjàrà ni òun àti Eléèéfín kọ́kọ́ pàdé. Ọkùnrin náà, tó ń kan àgbá, ń dáná sínú àgbá tuntun kan lẹ́yìnkùlé wọn, kí pákó igi óákù lè rọ̀, kí ó sì ṣeé tẹ̀. Èéfín bò ó lójú tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń dà lójú rẹ̀.

"Ta ló nà ọ́?" ọmọbìnrin náà bi í.

"Igi ni. Ṣùgbọ́n má bínú, mo ti finá sí i nídìí."

Ẹ̀rín pa á. Òun ló sọ ọ́ ní Eléèéfín, gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, kò sì fi bò. Lẹ́nu rẹ̀ ló ti gbọ́ pé bí Ṣádọnè, wáìnì funfun tí wọ́n ń ṣe, bá wà nínú táńkì irin, bó ṣe wọ ibẹ̀ ló máa jáde, á máa ta ahọ́n bí ápù tí kò tíì pọ́n. Ṣùgbọ́n nínú àgbá óákù, igi á fún un ní òórùn fànílà àti ti búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná. Afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ tó ń gba ara igi wọlé á rọ̀ ọ́ lójú. Bí èèyàn bá sì ń ro gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, á kúnná lẹ́nu bíi bọ́tà.

"Àgbá náà ń mu nínú ẹ̀," ọkùnrin náà máa ń wí. "Tí o kò bá ń bù kún un, wáìnì á kan. Máa fi ìka gbá a, wàá gbọ́ ibi tó ti ṣófo."

"Ṣé bí o ṣe máa tọ́jú èmi náà nìyẹn?"

"Ìwọ? Mi ò ní jẹ́ kí o ṣófo láé, ẹyinjú mi."

Bàbá kò fẹ́ràn igi. Táńkì irin ló mọ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, ó ní: "Àgbá kan péré ni mo fún ọ. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ṣeé mu, wá mú ọmọ mi lọ."

Ṣùgbọ́n Bàbá kò ní sùúrù. Kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, ó ti bù ú tọ́ wò, ó sì tu ú dànù.

"Èéfín! Èéfín lásán! Ṣé ẹja ni mo ní kí o yan fún mi?"

"Ó yá jù ni, Bàbá. Igi ló ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán, ẹ ó gbọ́ ohùn àjàrà."

"Èmi ti gbọ́ tèmi. Máa lọ."

Lẹ́nu géètì, ọkùnrin náà di ọwọ́ ọmọbìnrin náà méjèèjì mú. "Bá mi lọ."

Ó wù ú láti lọ. Ṣùgbọ́n ó ní, "Olólùfẹ́ mi, jẹ́ ká dúró de wáìnì yìí. Mo fẹ́ kí Bàbá fi ẹnu ara wọn pè ọ́ padà."

Ọkùnrin náà wò ó títí. "Ó dáa. Má gbàgbé láti máa bù kún un."

Ọmọbìnrin náà kò gbàgbé. Ìkórè lọ, ìkórè dé. Èéfín inú rẹ̀ ń pòórá díẹ̀díẹ̀, adùn ń gba ipò rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìròyìn ikú náà dé, ó bù ú fún bàbá rẹ̀ láìsọ àgbá tó ti wá. Bàbá di ojú.

"Ó mà dùn o! Àgbá wo rèé?"

"Ti Eléèéfín ni."

"Ránṣẹ́ sí i," Bàbá wí. "Mo ti ṣe àṣejù."

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ìró bàtà ẹ̀gbọ́n Eléèéfín lórí àtẹ̀gùn.

"Ìyá mi," bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ìròyìn náà tán, "ká ní mo mọ̀..."

"Ẹ má sọ ọ́, Bàbá."

Ó bínú sí bàbá rẹ̀, ó sì bínú sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti ní kí èèyàn ẹlẹ́ran ara dúró bí wáìnì ṣe ń dúró.

Ẹ̀gbọ́n náà wú ikọ́. "Ẹnikẹ́ni tó bá ti ọ̀nà ibí wá, àbúrò mi á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀."

"Kí ló máa ń béèrè?"

"Bóyá o ṣì ń bù kún un."

Ọmọbìnrin náà rìn lọ sídìí àgbá náà, ó fi ìka gbá a. Lókè pátápátá, ó ṣófo díẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n bù láàárọ̀. Ó yọ èdídí rẹ̀, ó gbé kẹ́tùlù tí ó fi ń bù kún un, ó sì ń da wáìnì sí i díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kún dé ẹnu. Lẹ́yìn náà ló dá èdídí padà, tó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé, bí Eléèéfín ṣe máa ń ṣe.