Ọjọ́ Kan Náà Lábẹ́ Kọ́kọ́rọ́ Mẹ́ta

Ẹ má pè é ní àlọ́ o. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, ẹni tó sì ṣẹlẹ̀ sí kò mọ irọ́ pa.

Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kó máa ti àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn pa nínú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, kí olófòófó má baà rí i kà. Bí òpó kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àyè orúkọ, ti nọ́ńbà tàbí ti ọjọ́, bá ṣe jẹ́ ló ṣe ń tì í. Lẹ́tà á di lẹ́tà jákujàku, nọ́ńbà á di nọ́ńbà mìíràn. Ọjọ́ á di ọjọ́ mìíràn, torí òpó ọjọ́ kì í gba ohun tí kì í ṣe ọjọ́. Ọ̀rọ̀ aṣírí tó fi ń tì í ni wọ́n ń pè ní kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀tọ̀, èsì ọ̀tọ̀.

Ìlà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sí wà níbẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí màmá ti kú ní wọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ó ń bèèrè ọmọ rẹ̀." Ọmọ ò dé. Iṣẹ́ ló dá a dúró, iṣẹ́ yìí kan náà. Àárò màmá wá ń sọ ọ́ gan-an: òórùn ọṣẹ lára ìborùn rẹ̀, bó ṣe máa ń pè é lẹ́nu ọ̀nà, "Ẹlẹ́yinjú, ṣé o ti jẹun?"

"O ti parí?" Ọ̀gá ló pariwo láti yàrá kejì. "Aago mẹ́rin ni mò ń pa ẹ̀dà tí a ò tì rẹ́ o!"

"Ó kù díẹ̀, sà."

Lẹ́yìn aago mẹ́rin, kọ́kọ́rọ́ á di tọ̀gá nìkan. Obìnrin yìí kò ní lè ka ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn mọ́ láéláé.

Ó tì í. Gbogbo ìlà dàrú bó ṣe yẹ. Ọjọ́ ikú màmá náà yí padà. Ó di òní.

Ó rẹ́rìn-ín. Èèṣì ni. Ó ṣí i, ó fi kọ́kọ́rọ́ mìíràn tì í. Òní. Ó mú ẹ̀kẹta. Òní náà ni. Fáànù dákẹ́ lójijì. Òórùn ọṣẹ gba gbogbo yàrá.

"Ọ̀gá, ẹ wá wò ó."

Ọ̀gá yọjú. "Òní kẹ̀? Ọjọ́ ṣá ni. Fi sílẹ̀ jàre, ká máa lọlé."

Ó padà lọ. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Obìnrin yìí ṣí ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kó kà á kó tó lọ. Orúkọ màmá padà. Ọjọ́ ikú padà sí bó ṣe wà. "Ó ń bèèrè ọmọ rẹ̀." Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: "Ọmọ náà ti dé. Kò tíì jẹun."

Aago mẹ́rin lù. Ojú kọ̀ǹpútà ṣófo.

Lóòótọ́ sì ni. Láti àárọ̀, omi nìkan ló kàn án lẹ́nu.