Kí Màmá Tó Dé

Ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni Jovelyn dì mú nígbà tí ojú òun àti ọkùnrin kan ṣe mẹ́rin.

Ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Àwọn òbí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní kíláàsì èdè, wọ́n ń ti ara wọn, kálukú ń wá tirẹ̀. Òtútù Winnipeg, ìlú òkèèrè tí wọ́n ṣí wá, ti sọ gbogbo ọmọ di ọ̀kan náà: ẹ̀wù nínípọn, fìlà, ìborùn, ojú nìkan ló kù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mi lẹ fẹ́ gbé lọ yẹn."

"Ta wá ni ẹ̀yin gbé dání?"

Ọkùnrin náà tú ìborùn ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Imú Benjo, ọmọ Jovelyn, yọ síta pẹ̀lú ikun. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn mú Jovelyn lára yá ju ẹ̀wù tó wọ̀ lọ.

Doming lorúkọ rẹ̀, ará Batangas, ní orílẹ̀-èdè tí Jovelyn náà ti wá. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ku òun àti Tala, ọmọbìnrin rẹ̀. Ará Iloilo ni Jovelyn. Bàbá Benjo ti sá lọ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó.

Ilé àwọn arúgbó ni Jovelyn ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń ti yàrá ọmọ kó tó ṣíwọ́. Doming, tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná, bẹ̀rẹ̀ sí í bá a mú Benjo lọ sílé. Bí Jovelyn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti mú ọmọ, ọbẹ̀ ẹja kíkan á ti máa hó lórí iná.

"Ọbẹ̀ lẹ sè ni, àbí òkun lẹ bù wálé?"

"Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ kì í pa arẹwà."

Ọ̀rọ̀ "ẹ" di "o" láàárín wọn láìsí ẹni tó kíyè sí i.

Ṣùgbọ́n ọkàn Jovelyn kò balẹ̀. Ó ti kọ̀wé sí ìjọba pé òun fẹ́ mú ìyá òun wá láti wá máa tọ́jú Benjo, owó oṣù òun ni òun yóò sì fi máa bọ́ ìyá náà. Bí ìwé náà bá kùnà, tí Doming ò sì ráyè mọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí yìnyín yọ́ lórí odò, Doming di ọwọ́ Jovelyn mú. "Ayọ̀ mi, jẹ́ ká fẹ́ra wa."

Omijé bọ́ lójú Jovelyn. "Iye ẹnu tó ń jẹun lábẹ́ owó oṣù mi ni ìjọba ń kà. Bí mo bá fẹ́ ọ kí Màmá tó dé, wọ́n á ka ìwọ àti Tala mọ́ wa. Owó mi ò ní í tó mọ́. Ìwé Màmá á dòfo."

Àǹtí Pacing, àgbà obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ́, ó pòṣé. "Ẹ lọ fẹ́ra yín ní kọ̀rọ̀ níwájú fádà. Ta ni yóò sọ fún ìjọba? Ògiri?"

Jovelyn wo Doming. Ó ń fẹ́ kí ọkùnrin náà gbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi dán irú ẹ̀ wò, Àǹtí," ni Doming wí. "Ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ kan pamọ́ fún ìjọba kí ìwé lè yá. Ọmọ ọ̀hún ti hu irùngbọ̀n ní Batangas, wọn ò tíì jẹ́ kó wá. Mi ò ní í fi ìyá ẹni tí mo fẹ́ràn ta tẹ́tẹ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ìwé náà, kálukú nílé tirẹ̀. Ìròyìn Doming sì dé ọ̀dọ̀ Màmá ní Iloilo.

"Ọkùnrin tó lọ́mọ tí ò láya, alágbàtọ́ ló ń wá," ni Màmá wí lórí fóònù. "Àbí èmi lẹ fẹ́ fi ṣe é?"

"Màmá!"

"Bó bá fẹ́ràn rẹ, ìbá ti fẹ́ ọ. Kí ló ń dá a dúró?"

"Ẹ̀yin ni! Àǹtí Pacing ní ká fẹ́ra wa ní kọ̀rọ̀, Doming ló kọ̀, torí yín!"

Màmá pa fóònù.

Ìwé jáde nígbà tí òtútù tún dé. Màmá sọ ọjọ́ tí òun ń bọ̀. Kò dárúkọ Doming.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, Doming dúró ti Jovelyn, ẹ̀wù òtútù ńlá fún Màmá lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá jáde, obìnrin kúkurú, ojú líle. Doming tẹ̀ ba, ó gbé ọwọ́ ìyá náà kan iwájú orí ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílẹ̀ wọn. Ó wá yọ lẹ́tà kan lápò àyà ẹ̀wù rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, àwọn àgbà ìdílé ọkọ ló gbọ́dọ̀ wá sílé obìnrin wá tọrọ rẹ̀. Bàbá Doming kò lè sọdá òkun, ló bá kọ̀wé.

"Màmá, bàbá mi ní kí n—"

"Gbé e padà. Ṣé ìdí ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti ń tọrọ ọmọ nílé yín?"

Gbogbo wọn wọkọ̀ lọ sílé Jovelyn. Jovelyn ń wo ẹ̀yìn orí ìyá rẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Màmá fọwọ́, ó jẹ ìrẹsì. Benjo gun orí itan rẹ̀. Tala náà, tí oorun ń kùn, gun ìkejì láìtọrọ àyè. Màmá wo ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀, ó bá a tú bàtà.

"Jovelyn, gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Doming."

"Ó ti lága, Màmá."

"Ti bàbá rẹ̀ tó kọ lẹ́tà ni mò ń wí."

Jovelyn gbé àga. Màmá tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó gbójú sókè. "Ó yá. Àwọn ará ilé rẹ dà?"

"Wọ́n ti dé, Mà," ni Doming wí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà bàbá rẹ̀ lé Màmá lọ́wọ́.